Ilá Kó: Ìtàn Orúkọ Ohun tí Ń Mú Igi Le

 

Inú ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi kan tí ó wà ní ipele àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ìmọ̀ bayọ́lọ́jì. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá wa àgbà, ẹni tí ó ń rẹ́ ilá fún ọbẹ̀ alẹ́. Ọmọ náà gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo ni Yorùbá ń pe lignin?" Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní kò sí i. Ó mi orí, ó ní, "Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kò sí nínú èdè wa." Ó sì padà sí ìwé rẹ̀.

Ìyá kò dá sí ọ̀rọ̀ wa. Ó mú ilá kan, ó fi ọ̀bẹ sí i, ọ̀bẹ kò wọlé. Ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Eléyìí ti kó."

N kò fọkàn sí i nígbà náà. Alẹ́ ti lẹ́ kí ó tó yé mi pé ìyá ti dáhùn ìbéèrè tí èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé kò lè dáhùn. Ohun tí ń mú kí ilá kó ni pé ògiri àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ ń nípọn sí i bí ó ti ń gbó, tí èròjà tí wọ́n ń pè ní lignin sì ń wọ inú àwọn ògiri náà tí ó ń sọ wọ́n di líle. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, sílébù kan ṣoṣo, ni àwọn baba wa fi sọ gbogbo rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti wádìí bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe rí orúkọ tiwọn fún nǹkan wọ̀nyí. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò.

Ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ rí

Ní ọdún 1665, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Robert Hooke tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Micrographia ni orúkọ ìwé náà. Nínú rẹ̀ ni Hooke ti ṣe àlàyé àwọn ohun tí ó rí nígbà tí ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo oríṣiríṣi nǹkan: eégbọn, abẹ́rẹ́, aṣọ, àti kọ́ọ̀kì, irú èyí tí a fi ń dí ẹnu ìgò. Ó fi ọ̀bẹ mímú gé kọ́ọ̀kì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì fi awò wò ó. Ó rí àwọn ihò kéékèèké tí ògiri tín-ínrín pààlà sí àárín wọn, ó sì fi wọ́n wé afárá oyin. Ó kà wọ́n: bí 60 ni ó tò tẹ̀lé ara wọn nínú ìdá kan nínú ìdá 18 ínǹṣì kan. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n ju 1,000 lọ nínú ínǹṣì kan péré.

Kí ni Hooke pe àwọn ihò náà? Kò lọ sí òkè ọ̀run lọ bẹ orúkọ wá. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ti ń lò fún yàrá kékeré ni ó mú, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú èdè Látìn wá, níbi tí cella ti túmọ̀ sí yàrá tàbí àká kékeré. Òun ni a sọ di sẹ́ẹ̀lì lónìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Èèpo igi ni kọ́ọ̀kì, èèpo tí ó sì ti kú ni. Sẹ́ẹ̀lì tí Hooke rí ti ṣófo. Ohun alààyè tí ó wà nínú rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ògiri nìkan ni ó rí, kò bá onílé nílé. Síbẹ̀, orúkọ tí ó fún yàrá òfìfo náà ni gbogbo ayé ń lò títí di òní fún ohun tí ó kún fún ẹ̀mí.

Lẹ́yìn Hooke ni Nehemiah Grew dé, oníṣègùn ni òun náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀yà ara ewéko jáde ní 1682. Nígbà tí Grew fẹ́ ṣàlàyé bí ara ewéko ṣe rí nínú, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ ni ó fi ṣe àpèjúwe: ó ní ó dà bí léèsì tí àwọn obìnrin ń hun lórí tìmùtìmù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò títí di òní fún ìṣùpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà, láti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni ó ti wá, ohun tí ó sì túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀ ni aṣọ híhun. Bí ó bá jẹ́ pé Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí Grew sí ni, ó dá mi lójú pé aṣọ òfì ni ì bá fi wé.

Àwọn tí ó wá inú ògiri

Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn Grew kí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tó béèrè ohun tí wọ́n fi mọ ògiri náà. Ilẹ̀ Faransé ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ti wáyé.

Ní 1813, onímọ̀ ewéko kan láti Geneva, Augustin Pyramus de Candolle, lo ọ̀rọ̀ náà lignine nínú ìwé rẹ̀. Inú èdè Látìn ni ó ti yọ ọ́: lignum, tí ó túmọ̀ sí igi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Àwọn ará Róòmù ní ọ̀rọ̀ méjì fún igi. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé ní orúkọ tirẹ̀. Lignum gan-an, igi ìdáná ni. Orúkọ tí ó gbayì tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé bayọ́lọ́jì àbúrò mi, ìdí ààrò ni ó ti wá! Ó sì bá a mu, nítorí pé bí a bá dá iná, lignin ń mú ooru jáde ju àwọn èròjà yòókù nínú ògiri igi lọ.

Ní 1825, Henri Braconnot, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Nancy, rí èròjà kan nínú èso àti gbòǹgbò tí ó máa ń dì bí a bá sè é pọ̀ mọ́ ohun kíkan àti ṣúgà. Ó wo inú èdè Gíríìkì, ó mú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "ohun tí ó dì", ó sì pè é ní pectine. Braconnot yìí kan náà ti ṣe ohun ìyanu kan ní 1819: ó da ásíìdì mímúná sórí lẹ́búlẹ́bú igi àti àkísà aṣọ ọ̀gbọ̀, ó sì rí ṣúgà mú jáde nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi hàn pé ohun dídùn ni a fi mọ ògiri líle.

Michel Eugène Chevreul, ẹni tí ó lo ọdún 102 láyé, ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lórí kọ́ọ̀kì tí Hooke ti wò. Suber ni àwọn ará Róòmù ń pe igi tí a ń bó kọ́ọ̀kì lára rẹ̀. Chevreul fi ìparí ọ̀rọ̀ kan lé e, ó di subérine. Èyí tí ó bo ojú ewé, tí kì í jẹ́ kí omi inú ewé gbẹ, wọ́n yọ orúkọ tirẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún awọ ara, wọ́n pè é ní cutine.

Ní 1838 ni Anselme Payen, ní Paris, ṣe iṣẹ́ tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di àìkú. Ó mú oríṣiríṣi ewéko, ó fi ásíìdì àti àwọn kẹ́míkà mìíràn fọ̀ wọ́n léraléra. Ewéko yòówù tí ó mú, funfun kan náà ni ó ń ṣẹ́kù, tí ìṣirò èròjà inú rẹ̀ sì bá ara wọn mu. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1839, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé tí ó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lo orúkọ náà cellulose, ìyẹn ohun tí a fi kọ́ yàrá kéékèèké. Òwú tí a ń ran ní ìlú wa, bí a bá gbọn ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ó jẹ́ cellulose. Nínú igi, ó tó 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, lignin sì ń kó bí 20 sí 30.

Kí ni Payen pe ìyókù, èyí tí kẹ́míkà rẹ̀ fọ̀ dànù? Ó kàn pè é ní ohun tí ó gbá cellulose mọ́ra bí èèpá. Ohun tí òun kà sí èèpá yìí gan-an ni ó wá di lignin nínú ìwé àwọn tí ó tẹ̀lé e. Ó tó 1878 kí Julius Wiesner ní Vienna tó fi hàn pé kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ phloroglucinol, bí a bá pò ó mọ́ ásíìdì, ń pa ògiri tí lignin wà nínú rẹ̀ láró pupa. Ó tó 1897 kí Peter Klason, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, tó dábàá irú èròjà tí a fi hun lignin fúnra rẹ̀. Iye ọdún tí ó wà láàárín ìsọmọlórúkọ 1813 àti àbá Klason, ọdún 84 ni. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa.

Orúkọ tí ó dúró lórí àṣìṣe

Ó ku orúkọ kan, òun ni ó sì gùn jù: sclerenchyma. Òun ni orúkọ ìṣùpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ògiri wọn ti nípọn tí ó sì ti le, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń gbé ewéko dúró. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Georg Heinrich Mettenius, ni ó lò ó ní 1865, ọdún kan kí àrùn onígbáméjì tó pa á. Èdè Gíríìkì ni ó ti yọ ọ́: skleros ni "ohun líle", enchyma sì ni "ohun tí a dà sínú nǹkan".

Kí ni ó kan dídà sínú nǹkan níhìn-ín? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, oníṣègùn Gíríìkì kan tí ń jẹ́ Erasistratus gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni ó dà sí ẹ̀gbẹ́ iṣan tí ó sì dì di ẹran ẹ̀dọ̀ àti ti ẹ̀dọ̀fóró. Ó sọ ẹran náà lórúkọ tí ó túmọ̀ sí "ohun tí a dà sí ẹ̀gbẹ́". Àṣìṣe pátápátá ni. Grew yá orúkọ náà lò fún ara ewéko tí ó rọ̀, parenchyma. Nígbà tí Mettenius fẹ́ sọ èyí tí ó le lórúkọ, ó kàn yọ "ẹ̀gbẹ́" kúrò, ó fi "líle" sí i. Báyìí ni àṣìṣe oníṣègùn kan tí ó ti kú láti nǹkan bí 2,000 ọdún ṣe wọ inú ìwé bayọ́lọ́jì, kò sì sí olùkọ́ kan tí ó ń bínú sí i.

Ní 1858 ẹ̀wẹ̀, Carl Nägeli, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ń wá orúkọ fún apá igi tí ń gbé omi lọ sókè. Ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún igi, ó pè é ní xylem. Ẹ wò ó: lignin, igi ni, xylem, igi ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ lẹ́ẹ̀mejì ní èdè méjì, ó sì di ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn. Yàrá, igi ìdáná, awọ, kọ́ọ̀kì, ohun tí ó dì, ohun tí ó le: gbogbo èyí ni wọ́n fi ṣe orúkọ sáyẹ́ǹsì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ju ohun tí ìyá arúgbó kan lè sọ nínú ilé ìdáná. Aṣọ òkèèrè tí wọ́n wọ̀ ni ó ń mú wa bẹ̀rù wọn.

Ohun tí ọwọ́ wa ti mọ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Bí ilá bá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó ń fà, ó sì ń yọ̀. Àwọn èròjà ìdílé pectin ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń fà náà. Bí ó bá gbó, ó kó. Lignin ti dé. Èso kan ṣoṣo yìí ti kọ́ wa ní ìdajì ẹ̀kọ́ náà.

Bí a bá fi orín sẹ́nu tí a ń rún un, apá rírọ̀ yóò fọ́, yóò bá itọ́ lọ, fọ́nrán yóò sì ṣẹ́kù, òun ni ó ń fọ eyín. Kànrìnkàn tí àwọn ìyá wa fi ń wẹ̀ wá, fọ́nrán tí a lù títí tí ẹran-ara rẹ̀ fi lọ ni. Ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, egungun àárín ewé ọ̀pẹ ni, tí fọ́nrán kún inú rẹ̀. Èésan, èèpo líle tí ó bo èkùrọ́, kò sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bí kò ṣe sẹ́ẹ̀lì tí ó ti di òkúta, tí ó fi jẹ́ pé òkúta gidi ni a fi ń fọ́ ọ.

Ẹ wo iṣu pẹ̀lú. Bí ọkọ́ bá ṣèèṣì ṣá iṣu lóko, àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í tètè kó o sí abà. Yóò jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ kí ó sì le, kí ó má baà rà. Ohun tí iṣu ń ṣe lákòókò náà ni pé ó ń fi èèpo tuntun dí ojú ọgbẹ́ rẹ̀, èyí tí suberin wà nínú rẹ̀. Ẹ sì wo ewé kókò: bí òjò bá rọ̀ sí i, omi a di róbótó, a sì yí dànù, nítorí cutin àti ìda tí ó bo ojú rẹ̀.

N kò sọ pé àwọn baba wa mọ kẹ́míkà tí ó wà nínú ògiri sẹ́ẹ̀lì. Wọn kò ní awò, wọn kò sì ní ásíìdì Braconnot. Irọ́ kò yẹ àgbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n rí iṣẹ́ tí àwọn èròjà náà ń ṣe, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ fún un. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni de Candolle àti Braconnot bá nílẹ̀ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà méjì tí èdè wa ti ń tọ̀

Èdè Yorùbá kò jókòó tẹtẹrẹ láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1843, àwọn ọ̀rọ̀ bíi wákàtí àti àdúrà ti wọlé láti èdè Lárúbáwá, ahọ́n wa sì ti yí wọn padà tí a kò fi mọ̀ wọ́n ní àlejò mọ́. Ọ̀nà kan nìyẹn: kí a yá ọ̀rọ̀ kí a sì wọ aṣọ wa fún un. Ọ̀nà kejì ni kí a fi àlàyé ṣe orúkọ. Nígbà tí rédíò dé, a pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, a rí orúkọ amóhùnmáwòrán fún ẹ̀rọ náà. Kò sí ẹni tí ó ní èdè wa kò tó o sọ.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Èsì rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá; wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì bójú tó apá kejì ní 1990. Iṣẹ́ lórí ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìwé wọ̀nyí, òun ni ó sì jẹ́ kí a lè fi Yorùbá kọ́ Yorùbá ní yunifásítì. Ẹ wo inú kíláàsì wa lónìí: fáwẹ́lì àti sílébù, a yá wọn, ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, a ṣẹ̀dá wọn. Ọ̀nà méjèèjì ń gbé ara wọn.

Àbá tèmi

Mo gbìyànjú ọ̀nà méjèèjì lórí iṣẹ́ àṣetiléwá àbúrò mi. Bí a bá yá lignin, ahọ́n Yorùbá kò gba kọ́ńsónáǹtì méjì papọ̀, yóò di lígíníìnì. Kò burú. Ṣùgbọ́n sclerenchyma yóò di sikilẹrẹ́ńkáímà, kò sì sí ọmọ tí yóò gbọ́ ọ tí yóò mọ ohun tí ó ń ṣe.

Nítorí náà mo dábàá pé kí a pe lignin ní amúgile, ohun tí ń mú igi le. Ẹnì kan lè sọ pé ilá kì í ṣe igi, lignin sì wà nínú ilá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àléébù yìí kan náà wà lára orúkọ tí de Candolle fún un. Fún pectin, mo dábàá àtè ògiri, nítorí pé òun ni ó so ògiri sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì bí àtè tí a fi ń mú ẹyẹ. Fún suberin àti cutin, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo dábàá adènà-omi èèpo àti adènà-omi ewé.

Ní ti cellulose, ọ̀nà yíyá ni mo faramọ́: sẹ́lúlóòsì. Ìdí rẹ̀ ni pé ìparí ọ̀rọ̀ náà ń fi ìdílé hàn. Glúkóòsì ni a so pọ̀ gbọọrọ tí ó di sẹ́lúlóòsì; bí a bá fún un ní orúkọ mìíràn, ọmọ kò ní mọ̀ pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n.

Sclerenchyma ni ó fún mi ní ìṣòro. Mo kọ́kọ́ fẹ́ lo ọ̀rọ̀ ìyá wa, kí n pè é ní ìṣùpọ̀ kíkó. Ṣùgbọ́n bí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo rí i pé ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé ìṣùpọ̀ tí a kó jọ ni mò ń wí. Mo pa á tì, mo lo ìṣùpọ̀ líle. Síbẹ̀, n kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá ṣòfò. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ògiri sẹ́ẹ̀lì bí amúgile ti ń wọ inú rẹ̀, kí a kàn sọ pé ògiri náà ń kó. Kò sí ẹni tí ó ti rẹ́ ilá rí tí kò ní yé.

Ìwọ̀nyí kì í ṣe òfin. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó mú un wá. Bí àwọn onímọ̀ Faransé náà ti ṣe nìyẹn: ẹnì kan dá a lábàá, ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn olùkọ́ lò ó, ó sì dúró.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá nísinsìnyí

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà kan pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti wọ́gi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan lè wá bi mí pé kí ni mo ń dá ara mi láàmú sí. Èsì mi ni pé ìjọba lè pinnu èdè tí olùkọ́ yóò fi kọ́ni, kò lè pinnu èdè tí òye yóò fi wọ inú ọmọ. Bí a kò bá sì ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìlànà bá tún yí padà, a óò ní kò sí ohun tí a lè fi kọ́ wọn.

Mo pe àbúrò mi, mo sọ ìtàn náà fún un láti orí Hooke títí dé ìdí ọbẹ̀ ilá. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́ pé igi ìdáná ni lignin. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí mo ti ń retí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n máa gba amúgile ní ìdánwò?" Mo ní rárá o, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó kọ. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mò ń kọ." Ó sì yí padà sí ìyá, ó ní kí ìyá fún òun ní ilá tí ó kó náà, kí òun gé e sí wẹ́wẹ́ kí òun wo inú rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrójú ló mú ilá kó, àìráyè ló mú ikàn wẹ̀wù ẹ̀jẹ̀. Èdè wa náà wà lóko. Bí a kò bá ráyè ká a nígbà tí ó rọ̀, kí a má dá ilá lẹ́bi lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ bá kọ̀ tí kò wọlé.